Ilé Alágbẹ̀dẹ Níwájú Pẹpẹ

Kànmí gun àtẹ̀gùn dé àjà karùn-ún kó tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí Olúsànmí ṣí i fún un, Kànmí ò lè kí i tán. Ó kọ́kọ́ wá àga jókòó.

"Bàbá, ẹ̀lífétọ̀ yín yìí, ìgbà wo ni wọ́n máa tún un ṣe?"

"Wọ́n ní lọ́la."

"Lọ́la tí wọ́n ti ń wí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Òun náà ni."

Olúsànmí bu omi fún un. Kànmí mu ún, ó mí kanlẹ̀, ó wo yàrá náà yí ká. Aṣọ ìborùn Àrìnpé, ìyàwó Olúsànmí, ṣì wà lẹ́yìn àga tó máa ń jókòó sí. Kànmí yára gbé ojú kúrò níbẹ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ Ìkórè ní ìjọ wọn ní Mount Hope, ní Bronx ní New York. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ló kàn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà ò tètè jáde.

"Bàbá, ìpè ilé ni mo bá wá."

"Mo mọ̀."

"Ìgbìmọ̀ ti jókòó lé e lórí. A ní kí ilé tí èèyàn wọn ò pọ̀ mọ́ máa bá ilé mìíràn jáde. A fi yín sọ́dọ̀ Ilé Ọlọ́jà. Àwọn pọ̀, wọ́n lóhùn. Ẹ ò tiẹ̀ ní í kọrin rárá. Ẹ kàn máa bá wọn jó lọ síwájú pẹpẹ ni."

"Alágbẹ̀dẹ kì í gba ẹnu ọlọ́jà dúpẹ́."

"Bàbá, a ò fẹ́ kí ojú tì yín ni."

"Ojú wo?"

Kànmí yí ife omi náà lọ́wọ́.

"Èṣí, ẹ wà nínú ọ̀fọ̀, gbogbo ayé gbà fún yín," ó ní. "Bí wọ́n bá tún pe Ilé Alágbẹ̀dẹ lọ́dún yìí tí kò jẹ́, orúkọ náà kúrò nínú ìpè nìyẹn. Ẹ mọ òfin."

"Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ."

"Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ẹ máa jáde?"

"Sọ fún wọn."

"Ẹ̀yin àti ta, Bàbá?"

"Sọ fún wọn pé Ilé Alágbẹ̀dẹ máa jáde."

Kànmí dìde. Ó gbé ife náà kalẹ̀, ó jáde. Olúsànmí gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Òfin tí Kànmí ń wí yẹn ti pẹ́ ju ìjọ tó wà ní Mount Hope lọ. Òkè-Orógbó ló ti wá, abúlé tí wọ́n bí Olúsànmí sí. Kí ìgbàgbọ́ tó dé ibẹ̀, ojúbo ilé kálukú ni wọ́n máa ń gbé iṣu tuntun lọ. Nígbà tí olùkọ́ ìjọ àkọ́kọ́ dé, ó ní kí wọ́n kó iṣu náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó rọ òjò. Àwọn àgbà ní kò burú, àmọ́ ilé kan kì í da ẹrù rẹ̀ sínú ẹrù ilé kejì. Ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò ru tirẹ̀ wá, pẹ̀lú orin ẹnu tirẹ̀. Olùkọ́ rò ó, ó gbà. Báyìí ni Ìkórè ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Orógbó.

Ọjọ́ ńlá ni. Ọmọ abúlé tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn á wálé. Wọ́n á so òbúkọ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òbúkọ á máa fèsì fún oníwàásù. Bí ìsìn bá parí, gbogbo ènìyàn á bọ́ sábẹ́ igi ọ̀dán, ọjà ìkórè á bẹ̀rẹ̀. Wọn á máa kígbe gbàǹjo lórí iṣu, lórí adìyẹ, lórí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò ní í lọ́kàn láti ra òbúkọ á ṣèèṣì na ọwọ́ láti lé eṣinṣin, òbúkọ á di tirẹ̀. Àwọn ọmọdé á máa lá àádùn kiri. Kò sí ẹni tó ń febi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, títí kan àlejò.

Àmọ́ ìpè ilé ni ọkàn ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pe ilé. Olórí ilé á jáde pẹ̀lú ẹrù, á lé orin ilé rẹ̀, ará ilé tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn á gbè é. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé ò gbọdọ̀ gbè é. Ẹni tó bá gbè é ti di ọmọ ibẹ̀ nìyẹn: yóò bá wọn ru ẹrù, yóò bá wọn sin òkú. Ilé Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń pè kẹ́yìn, torí àwọn ló rọ ọkọ́ tí gbogbo ilé yòókù fi kọ ebè. Orin wọn ò gùn. Olórí ilé á bèèrè, ará ilé á dáhùn:

Kí lẹ rù wá?
Ẹrù ọpẹ́ la rù wá.
Ta ló fún un yín?
Ẹni tó lòjò ló fún wa.
Ará ilé dà?
Gbogbo wa rèé, a pé, a ò dín.

Àwọn ọmọ Òkè-Orógbó tó kọ́kọ́ dé New York kó òfin yìí dání bí ẹni kó aṣọ òtútù. Pálọ̀ Màmá Christina ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ. Nígbà tí pálọ̀ ò gbà wọ́n mọ́, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí àwọn tó ni ín ti kó lọ. Ọdọọdún ni Olúsànmí ń lé orin Ilé Alágbẹ̀dẹ níbẹ̀, tí Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì, Doyin àti Túbọ̀sún, ń gbè é. Olórí ilé kì í wẹ̀yìn. Ojú pẹpẹ ló ń wò. Ohùn ló fi ń mọ̀ pé ilé òun wà lẹ́yìn òun.

Àrìnpé kú ní ìgbà ìrúwé èṣí.

Nígbà tí Kànmí lọ tán, Olúsànmí pe Doyin ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní àdúgbò Laurelton. Nọ́ọ̀sì ni Doyin. Inú ọkọ̀ ló ti gbé fóònù.

"Bàbá, ẹ káàsán o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Ìkórè ti dé tán."

"Ẹ̀n-ẹ́n, mo rí i lórí Wasáàpù ìjọ."

"Mo fẹ́ kí o wá gbè é."

"Kí n wá gbe kí ni?"

"Orin."

Olúsànmí gbọ́ bí ó ṣe pa rédíò inú ọkọ̀.

"Bàbá, mo wà níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti tọrọ àyè, wọn ò fún mi. Èèyàn ò tó ní wọ́ọ̀dù wa."

"Túbọ̀sún ńkọ́?"

"Texas nìyẹn wà, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé kò lè wá nítorí orin."

"Jẹ́ kí Ashley ọmọ rẹ wá, nígbà náà."

"Ashley?" Doyin rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yẹn ò mọ orin yẹn o. Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀ ọ́n. Ọdọọdún lo ń kọ ọ́."

"Mi ò kọ ọ́ rí, Bàbá."

Ó fẹ́ tún rẹ́rìn-ín, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹnu la kàn ń là, èmi àti Túbọ̀sún. A máa ń wo ẹnu Màmá. Tí Màmá bá là á, àwa náà á là á. Màmá nìkan ló ń gbè é. Mo rò pé ẹ mọ̀."

"Ìyá yín mọ̀?"

"Màmá ló sọ pé ká máa là á bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á pariwo tó."

Olúsànmí ní ó dáa. Ó ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú sínú yàrá, kò tan iná. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohùn mẹ́ta ló rò pé òun ń gbọ́ lẹ́yìn òun. Ohùn kan ni. Ó rántí ọdún kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìkórè nínú bọ́ọ̀sì. Ó ti sọ fún Àrìnpé pé ohùn rẹ̀ ti le jù, kó jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ti àwọn ọmọ. Àrìnpé wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Mo gbọ́." Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú bí Olúsànmí díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ó gbìyànjú orin náà ní ilé ìdáná. Ó lé e, ó sì dúró, bí ẹni tí ẹlòmíràn fẹ́ dáhùn. Ẹ̀rọ omi gbígbóná lára ògiri nìkan ló dún. Ó dáhùn fúnra rẹ̀. Àkọ́kọ́ rọrùn. Èkejì náà rọrùn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè pé ará ilé dà, ó wo àga Àrìnpé, ẹnu rẹ̀ ò gbé èsì náà. A pé kẹ̀? A ò dín kẹ̀? Ó pa iná ààrò, ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ ní tútù.

Ní Sátidé, ó lọ ra iṣu ní ṣọ́ọ̀bù tí Taofeek ń bójú tó lẹ́bàá òpópónà Burnside. Ó yẹ iṣu wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ìdí wọn, ó gbọ́ òórùn wọn. Èyí tó tóbi jù ló mú.

"Bàbá Doyin!" ni Taofeek wí. "Ẹ̀yin nìkan, iṣu tó tó ọmọ ọdún méjì! Ṣé gbogbo Bronx lẹ fẹ́ gúnyán fún?"

"Ti Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run ò lè jẹ ẹ́ tán o. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ pè mí. Mùsùlùmí ni mí lóòótọ́, iṣu ò ní ẹ̀sìn."

Olúsànmí rẹ́rìn-ín músẹ́. Taofeek wé iṣu náà sínú bébà fún un, ó bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ìkórè, òtútù mú. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí náà wá, àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn, tí ìyá wọn ń fi ojú bá wọn wí. Kànmí dúró níwájú pẹ̀lú máìkì, ó ń pe ilé. Ilé Ọlọ́jà jáde, wọ́n gba ọ̀nà àárín kún. Àpò ìrẹsì ni wọ́n rù, pẹ̀lú páálí Indomie. Ilé Ọlọ́sìn ò lè mú ẹran wọ ìlú yìí, wọ́n ya fọ́tò ewúrẹ́ kan tó wà ní Òkè-Orógbó, wọ́n gbé e lérí bí ère. Ẹni tó bá rà á ní gbàǹjo á pe ará ilé lórí fóònù pé kí wọ́n lọ mú un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bèèrè sókè bóyá ewúrẹ́ yẹn mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ta òun. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Olúsànmí jókòó sí ìlà kẹta. Ó wọ agbádá funfun. Iṣu rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilé ń jáde, ilé ń padà. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn lóhùn.

"Ilé Alágbẹ̀dẹ!" ni Kànmí pè.

Olúsànmí kò tíì dìde.

"Ilé Alágbẹ̀dẹ!"

Kànmí wò ó. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Bóyá ó ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde, bóyá ó ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sí ibi tó wà, Olúsànmí ò mọ̀. Ó di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú, ó dìde. Ó gbé iṣu náà lé èjìká. Nígbà tí Kànmí máa fi la ẹnu fún ìgbà kẹta, ó ti bọ́ sí ọ̀nà àárín.

Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà náà gùn. Ó gbọ́ bàtà ara rẹ̀. Ó dé iwájú pẹpẹ, ó dúró, ojú pẹpẹ ló wò. Ó lé e:

"Kí lẹ rù wá?"

Lẹ́yìn náà, òun náà ló gbè é. Ó gbé ohùn lọ sókè, síbi tí Àrìnpé máa ń gbé e sí. Ohùn náà sán.

"Ẹrù ọpẹ́ la rù wá."

Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹnì kan pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ta ló fún un yín?"

"Ẹni tó lòjò ló fún wa."

"Ará ilé dà?"

Ó dúró.

Rìnsọ́lá wà ní ìlà iwájú, obìnrin kan tó ń tọ́jú arúgbó nílé wọn, tí kò tíì pé ọdún kan nínú ìjọ. Kò mọ òfin. Ohun tó mọ̀ ni pé baba arúgbó kan dúró, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó ti la ẹnu. Màmá Christina tó jókòó tì í fi ọwọ́ lu itan rẹ̀, gbà!

"Dákẹ́!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ. Rìnsọ́lá pa ẹnu dé.

Olúsànmí ò wẹ̀yìn. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀, bí baba rẹ̀ ṣe kọ ọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti kọ ọ́, ó tán, ilé òun ti jẹ́. Ó wo pẹpẹ. Ó kọrin jẹ́jẹ́, ní ohùn ara rẹ̀:

"Ó ku èmi. Mo dé."

Ó sọ iṣu náà kalẹ̀. Ó di igi iwájú pẹpẹ mú, ó kúnlẹ̀, ó dìde. Ó yí padà.

Kànmí gbé máìkì sẹ́nu, ó sì gbé e kúrò. Màmá Christina ti dìde. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, pálọ̀ rẹ̀ ni ìjọ ti bẹ̀rẹ̀.

"Kànmí, má tíì sọ pé ó jẹ́," ó ní. "Orin ilé kì í yí. Ọmọdé ni mí tí mo ti ń gbọ́ ti Ilé Alágbẹ̀dẹ. A pé, a ò dín ni wọ́n ń wí. Olúsànmí, kí ló dé tí o fi yí orin baba rẹ?"

"Iwájú pẹpẹ ni, Màmá."

"Mo rí i pé iwájú pẹpẹ ni. Kí ló dé?"

"Mi ò lè purọ́ níbẹ̀."

Màmá Christina wò ó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Obìnrin náà ti sin ọkọ, ó ti sin ọmọ méjì. Òun náà ti jáde nínú ilé tirẹ̀, ó ti kọ ohun tí orin ní kó kọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jókòó.

"Ó jẹ́," ó ní. "Kànmí, kí lò ń wò? Mo ní ó jẹ́."

"Ilé Alágbẹ̀dẹ ti jẹ́ o!" ni Kànmí ké sínú máìkì. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ìjọ ṣe àmín. Olúsànmí padà sí àyè rẹ̀. Ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ṣófo bó ṣe wà.

Nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà ìkórè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kígbe gbàǹjo, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ewúrẹ́ inú fọ́tò dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkùnrin méjì, ìyàwó wọn ló là á. Olúsànmí dúró lẹ́bàá ògiri. Àwọn ènìyàn ń kí i, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," ọwọ́ wọn ò sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rìnsọ́lá gbé àwo mọ́ínmọ́ín wá fún un, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí Màmá fi lù mí?"

"O fẹ́ di ọmọ mi."

"Ṣé ìyẹn burú ni?"

"Kò burú. Ẹrù ni. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí o gbé e wò bóyá o lè rù ú."

Rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pè é nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ó lọ. Olúsànmí jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán. Kò dúró de ìgbà tí wọ́n máa ta iṣu rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó jáde, ó dúró de bọ́ọ̀sì.

Doyin pè é nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n fún un láyè díẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jáde?"

"Mo jáde."

"Ta ló wá gbè é?"

"Èmi náà ni."

Olúsànmí gbọ́ bí Doyin ṣe fa imú.

"Wọ́n ti gbé fídíò rẹ̀ sórí Wasáàpù," ó ní. "Mi ò tíì lè wò ó. Bàbá, ẹ kọ́ mi. Ẹ kọ́ mi nísinsìnyí. Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé mi ò ní í wá lọ́jọ́ Ìkórè àmọ́dún."

"Orin ò le."

"Èwo ni kí n kọ níbi tó kẹ́yìn? Ti Màmá ni àbí tiyín?"

Olúsànmí rò ó.

"Ti ìyá rẹ. Bí o bá wà níbẹ̀, kì í ṣe irọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó lé e fún un lórí fóònù. Doyin gbè é. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè àti ìsàlẹ̀ ti di ọ̀kan nínú rẹ̀, ó sọ òjò di nǹkan mìíràn. Olúsànmí ò tún un ṣe. Ó tún lé e:

"Ará ilé dà?"

Aago kan ń dún nídìí ibi tí Doyin wà. Ẹnì kan ń pè é ní orúkọ ìwé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró ná. Aláìsàn kan ń pè. Mo ń bọ̀. Mo máa pè yín padà."

"Máa lọ."

Fóònù dákẹ́. Olúsànmí gbé e sórí tábìlì, ó yí ojú rẹ̀ sókè, kó lè rí i bó bá tan iná. Ó fa àga, ó jókòó tì í.